Ojú Tó Rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Tún Rí Sinimá: Ìtàn Ìjókòó, Ìmọ́tótó àti Àwòrán Nínú Ilé Sinimá

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, sinimá kò tíì dé ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ìran mìíràn wọlé, ìran tí iná ń gbé ka orí aṣọ funfun nínú òkùnkùn, tí ọmọdé àti àgbà ń san owó kí wọ́n tó lè wò ó. Ohun tí àwọn ìwé sábà máa ń sọ fún wa nípa sinimá ni ìtàn àwọn tó ṣe fíìmù àti àwọn tó ṣeré nínú rẹ̀. Ìtàn àwa tí a jókòó wò ó kì í pọ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń béèrè tí ọ̀rọ̀ ilé sinimá bá délẹ̀. Èkíní ni ti ìjókòó: kí ló dé tí iwájú fi jẹ́ àyè ẹlẹ́ni pọ́ọ́kú, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ àyè ọlọ́lá? Èkejì ni ti ìmọ́tótó: ta ni ó yẹ kó tọ́jú ibi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti ń jókòó nínú òkùnkùn? Ẹ̀kẹta ni ti àwòrán fúnra rẹ̀: kí ló ń mú un mọ́lẹ̀ kedere níbì kan, tó sì ń mú un ṣú níbòmíràn? Ìbéèrè wọ̀nyí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipa wọn lọ sẹ́yìn, a ó rí i pé ìbéèrè nípa iyì òǹwòran ni wọ́n. Ìtàn ni a fẹ́ fi dáhùn wọn nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ìran wíwò kí sinimá tó dé

Kì í ṣe sinimá ló kọ́ wa bí a ṣe ń péjọ wòran. Ní Kétu àti káàkiri àwọn ìlú tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ojúde ọjà ni ìran ti ń wáyé. Ẹfẹ̀ máa ń jáde lóru láti kọrin, láti ṣe àwàdà, láti bá àwọn ọ̀bàyéjẹ́ wí. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń tẹ̀lé e lójú ọ̀sán láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ìṣúra àṣà gbogbo ayé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò papọ̀. Ní ọdún 2008, wọ́n fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá tí kò ṣeé fọwọ́ bà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí àwọn òǹwòran ṣe ń tò níbẹ̀. Wọ́n yí agbo ká. Àwọn ọmọdé a jókòó sílẹ̀ níwájú nítorí pé wọ́n kúrú; àwọn àgbà a jókòó lórí àga tàbí àpótí; àwọn ọ̀dọ́ a dúró lẹ́yìn. Ọjọ́ orí, oyè àti gíga ara ló ń pín àyè. Kò sí ẹni tó ń san owó kí ó tó lè ríran dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́tótó rí: a ti gbá ojúde kí ìlù tó dún, nítorí pé ìtìjú gbogbo àdúgbò ni bí àlejò bá bá pàǹtí nílẹ̀. Agbo yìí ni àwọn òbí wa àgbà gbé lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé sinimá, ohun tí wọ́n sì bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí i pátápátá.

Láti Paris dé Èkó

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, ní ìlú Paris, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Auguste àti Louis Lumière fi ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní cinématographe han àwọn ènìyàn nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìtura kan tí à ń pè ní Grand Café. Òǹwòran 33 ló sanwó wọlé lọ́jọ́ náà, fráǹkì 1 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san. Fíìmù 10 ni wọ́n wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Àga lásán ni wọ́n tò síbẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n ta síwájú, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí ẹ̀rọ náà. Ìjókòó, aṣọ àti iná: ohun mẹ́ta tí sinimá nílò títí di òní ti pé lọ́jọ́ kìíní.

Kò pẹ́ tí ìran náà fi la òkun kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, wọ́n fi fíìmù hàn ní gbọ̀ngàn Glover Memorial ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ kan láti Barcelona ló gbé ẹ̀rọ náà wá, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tó ṣètò ìran náà. Èyí ni a mọ̀ sí ìgbà àkọ́kọ́ tí sinimá fojú hàn ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Láti Èkó sí Àjàṣẹ́ kò jìnnà. Omi ọ̀sà kan náà ló so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tó wà níhà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ọ̀nà tí sinimá gbà fìdí múlẹ̀ sì yàtọ̀. Níhà tiwa, nínú àwọn ilẹ̀ tí Faransé kó jọ tí wọ́n pè ní AOF, ilé-iṣẹ́ méjì tó jẹ́ ti àwọn Faransé, COMACICO àti SECMA, ló wá gba gbogbo ọ̀nà fíìmù mọ́wọ́. Àwọn ló ń yan fíìmù, àwọn ló ń gbé e kiri, àwọn náà ló sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé sinimá. Ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ni òǹwòran Kútọnu, Lomé, Dakar tàbí Abidjan yóò wò.

Ta ni ń jókòó síbo?

Nínú ilé eré àwọn ará Yúróòpù, iwájú ló wọ́n jù, nítorí pé ẹni tó bá súnmọ́ òṣèré ló ń rí ojú rẹ̀, tó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Sinimá yí ètò yìí padà. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ aṣọ yóò gbé ọrùn sókè títí ìran yóò fi parí. Àwòrán yóò tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, yóò sì máa wọ́ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Nítorí náà, iwájú di àyè olówó kékeré, ẹ̀yìn àti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì di àyè olówó ńlá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú máa ń sọ pé àyè tó dára jù wà láàárín, ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ̀ngàn láti ibi aṣọ. Níbẹ̀ ni ojú ti ń gba gbogbo àwòrán láìyí ọrùn, níbẹ̀ náà sì ni ohùn ti ń pàdé láti ọ̀tún àti òsì.

Ní àwọn ìlú wa, ìyàtọ̀ yìí ṣe ju ti ojú àti ọrùn lọ. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá ayé amúnisìn kò ní òrùlé lórí gbogbo gbọ̀ngàn. Ògiri ni wọ́n fi yí àgbàlá ká, wọ́n sì kun ògiri kan ní funfun kí àwòrán lè hàn sí i. Ẹ̀yìn, lẹ́bàá yàrá ẹ̀rọ, ló máa ń ní òrùlé àti àga tó ní ìfẹ̀yìntì. Iwájú jẹ́ bẹ́ǹṣì tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lábẹ́ ìràwọ̀. Bí òjò bá dé, àwọn tó wà lẹ́yìn a máa wòran wọn lọ. Àwọn tó wà níwájú a dìde sá. Owó tí ènìyàn san lẹ́nu ọ̀nà ló ń pín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye tí òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun àti alágbàṣe ń gbà nígbà náà mọ̀ pé owó yìí ń ṣe iṣẹ́ tí òfin kò kọ sílẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun àti àwọn akọ̀wé díẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níta gbangba. Bí a bá fi èyí wé agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a ó rí ohun tó yí padà. Lójúde ọjà, iwájú jẹ́ ẹ̀bùn fún ọmọdé kí ó lè ríran. Nílé sinimá, iwájú di ibi tí a ń kó mẹ̀kúnnù sí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ìjókòó sinimá ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1946, ní ìlú New Glasgow ní ilẹ̀ Kánádà, obìnrin oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kan, Viola Desmond, wọ ilé sinimá kan. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, nítorí náà ó lọ jókòó sísàlẹ̀, nítòsí aṣọ, níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun. Wọ́n ní kó gòkè lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú sí. Ó ní òun yóò san iye tó kù, wọ́n kọ̀. Wọ́n fi tipátipá gbé e jáde, ó sì sùn sí àtìmọ́lé. Nílé ẹjọ́, wọn kò dárúkọ àwọ̀ rẹ̀ rárá: ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò san owó orí tíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ, èyí tí àlàfo rẹ̀ kò ju sẹ́ǹtì 1 lọ. Wọ́n ní kó san dọ́là 26. Ní ọdún 2010, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba dá a láre. Ní ọdún 2018, àwòrán rẹ̀ jáde lórí owó dọ́là 10 ilẹ̀ Kánádà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìjókòó sinimá kò tó nǹkan, kí ó rántí obìnrin yìí.

Iná, pàǹtí àti ara òǹwòran

Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ ba àwọn aláṣẹ nípa ilé sinimá ni ẹ̀rù iná, ṣáájú ti ìdọ̀tí. Fíìmù àtijọ́, tí wọ́n fi nítíréètì ṣe, máa ń gbiná bí ẹ̀tù, omi kò sì lè pa á bọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1897, kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn ìran àkọ́kọ́ àwọn Lumière, iná ṣẹ́yọ níbi ọjà àánú kan ní Paris tí wọ́n ń pè ní Bazar de la Charité. Àtùpà ẹ̀rọ sinimá ló dá a sílẹ̀: òróró éétà ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ṣáná sí i. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi kọ́ àgọ́ náà. Ènìyàn tó lé ní 120 ló kú, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Láti inú irú àdánù bẹ́ẹ̀ ni òfin ti jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin sinimá ní ọdún 1909, tó pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ wà nínú yàrá tirẹ̀ tí iná kò lè tètè jó. Ìdí nìyí tí yàrá ẹ̀rọ fi wà lẹ́yìn ògiri títí di òní, tó ní ojú fèrèsé kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Ìdí nìyí náà tí ilẹ̀kùn àbájáde fi gbọ́dọ̀ ṣí síta, tí iná kékeré fi ń tàn lókè rẹ̀ bí gbogbo gbọ̀ngàn tilẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ráhùn pé iná pupa tàbí àwọ̀ ewé náà ń dí àwọn lójú kò mọ̀ pé ẹ̀mí ènìyàn ló tàn án. Láàárín ọdún 1948 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni fíìmù tí kì í tètè gbiná wá gba ipò nítíréètì.

Ti ìdọ̀tí wá tẹ̀lé e. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn fún ilé sinimá olówó pọ́ọ́kú ní orúkọ yẹ̀yẹ́ kan tó túmọ̀ sí ihò kòkòrò ajẹnijẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń fọ́n omi olóòórùn dídùn tí a pò mọ́ oògùn apakòkòrò sórí àwọn òǹwòran bí ìran bá ń lọ lọ́wọ́. Ó tuni lára, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ìgbálẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi bo àga ló fa ìṣòro jù: ó rọ ìdí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ń gba òógùn, eruku àti ìdun mọ́ra. Àga onígi tàbí onírin le koko, síbẹ̀ omi àti ọṣẹ lè fọ̀ ọ́ mọ́ láàárín ìran kan sí òmíràn. Nínú ojú ọjọ́ tiwa tó gbóná tó sì lómi, ẹni tó bá fẹ́ ra àga gbọ́dọ̀ yàn láàárín ìrọ̀rùn wákàtí méjì àti ìmọ́tótó ọdún mẹ́wàá.

Àgbàlá tí kò lórùlé ní àǹfààní kan tí ilé títì kò ní: atẹ́gùn. Afẹ́fẹ́ ilé títì nìkan lè kó àrùn ràn. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ti ilé sinimá pa. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ayé. Ṣùgbọ́n àgbàlá náà ní àbùkù tirẹ̀: èèpo ẹ̀pà, ike omi àti ewé tí a fi di oúnjẹ máa ń pọ̀ nílẹ̀, bí a kò bá sì kó wọn kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, eku àti eṣinṣin ni yóò kọ́kọ́ wọlé láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí onílé sinimá ka òǹwòran rẹ̀ sí, kí ó kọ́kọ́ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ kí ó tó wo aṣọ.

Bí àwòrán ṣe ń dé ojú wa

Fíìmù tí a ń wò kì í rìn ní ti gidi. Àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni, tí a tò tẹ̀lé ara wọn lórí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35. Láti ìgbà tí fíìmù ti ń sọ̀rọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920, àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú iná ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dé, ẹ̀rọ yóò dá a dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò lè kà, abẹ́bẹ́ kékeré kan yóò gé ìmọ́lẹ̀ nígbà tí òmíràn ń bọ̀. Abẹ́bẹ́ náà sì ń gé ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ojú má baà rí i pé ó ń ṣẹ́jú. Bí a bá ṣírò rẹ̀, fíìmù tó gba ìṣẹ́jú 90 yóò gùn tó nǹkan bí mítà 2,460. Kò lè wọ inú àgbá kan. Nítorí náà ni ilé sinimá gidi fi máa ń ní ẹ̀rọ méjì láyé àgbá fíìmù. Bí àgbá kan bá fẹ́ tán ní bí ìṣẹ́jú 20, oníṣẹ́ ẹ̀rọ yóò tan èkejì, yóò sì yí láti orí èyí sí ìyẹn láìjẹ́ kí òǹwòran fura. Níbi tí ẹ̀rọ bá jẹ́ ẹyọ kan, òkùnkùn a ṣú, ariwo a sọ, gbogbo ènìyàn a máa dúró de àgbá tó kàn.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pá kábọ̀nù méjì tí iná mànàmáná ń fò láàárín wọn ló ń tàn nínú ẹ̀rọ. Bí ọ̀pá náà ti ń jó ni ó ń kúrú, oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ máa tì wọ́n súnmọ́ra. Bí ó bá tòògbé, àwòrán yóò ṣú tàbí kí ó pọ́n. Láti àwọn ọdún 1950 ni gílóòbù xenon ti bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ yìí. Gílóòbù náà sì ń gbó: bí ó ti ń pẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dín kù, onílé tí kò bá fẹ́ náwó a sì máa lò ó kọjá àkókò rẹ̀. Nítorí náà, bí àwòrán bá ṣú lójú yín, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi fíìmù rárá. Ó lè jẹ́ gílóòbù tó ti gbó, ó lè jẹ́ eruku lójú gíláàsì ẹ̀rọ, ó sì lè jẹ́ aṣọ tí èéfín sìgá ti sọ di pupa rúsúrúsú.

Aṣọ náà ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ní ìpàtẹ gbogbo ayé ní Paris ní ọdún 1900, àwọn Lumière ta aṣọ ńlá kan, wọ́n sì fi omi rin ín kí àwọn tó wà níwájú àti àwọn tó wà lẹ́yìn lè jọ rí àwòrán. Nínú ilé sinimá òde òní, ihò wínníwínní pọ̀ lára aṣọ náà kí ohùn lè gbà á kọjá láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní àgbàlá àwọn ìlú wa, ògiri ló ń ṣe iṣẹ́ aṣọ, òjò àti ewédò sì ń ba funfun rẹ̀ jẹ́. Ó di dandan kí a máa kùn ún lóòrèkóòrè. Òṣùpá náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àgbàlá sinimá. Yorùbá ní ẹni tó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kí ó má dá òṣùpá lóró. Bí òṣùpá bá yọ, aṣọ funfun kò ní bò ó mọ́lẹ̀, ojú àwọn òṣèré yóò sì ṣì lórí ògiri.

Ọmọ Àjàṣẹ́ tó fẹ́ kí a wo ara wa

A ti sọ̀rọ̀ ibi tí a jókòó sí àti bí àwòrán ṣe dé ojú wa. Ó kù ká béèrè pé àwòrán ta ni? Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1934, Pierre Laval, tó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn, gbé òfin kan jáde tó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Faransé ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Ọmọ Faransé kan, René Vautier, ya fíìmù Afrique 50 láìka òfin náà sí. Wọ́n fòfin de fíìmù náà fún ohun tó ju 40 ọdún lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ṣẹ̀wọ̀n. Bí ó ti rí nìyẹn fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ilé. Ẹ wá wo ti ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí.

Paulin Soumanou Vieyra ni a bí ní Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1925. Orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orúkọ Potogí tí a mọ̀ láàárín àwọn Àgùdà ìlú wa. Ó kàwé nílẹ̀ Faransé, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ ní IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún sinimá ní Paris. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí àṣẹ gbà láti ya fíìmù ní Áfíríkà, wọ́n yí ẹ̀rọ wọn sí ìgboro Paris, wọ́n sì ya àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ibẹ̀. Bí Afrique-sur-Seine ṣe jáde ní ọdún 1955 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀dó sí Senegal, ó ti Sembène Ousmane lẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ sinimá Áfíríkà, FEPACI, sílẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí ìtàn sinimá ilẹ̀ wa. Ó kú ní ọdún 1987. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ mọ́ ọmọ ilé-ìwé Àjàṣẹ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Pascal Abikanlou gbé Sous le signe du vaudou jáde ní ọdún 1974, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè wa. François Okioh gbé Ironou jáde ní ọdún 1985, ẹ̀yin tó gbọ́ èdè wa kò sì nílò ògbufọ̀ fún orúkọ náà. Níhà kejì ààlà, Ola Balogun ti ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá ní ọdún 1976, Hubert Ogunde ṣe Jáiyésinmi ní ọdún 1980, Moses Olaiya tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá sì ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Ó dà bí ẹni pé àwọn òǹwòran fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí fíìmù tiwa ń bọ̀ ni ilé sinimá ń lọ. Ìjọba Kérékou, tó gorí àlééfà ní ọdún 1972, gba àkóso sinimá bọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì dá OBECI sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Kò pẹ́ tí owó ìlú fi gbẹ. Fídíò wọ ilé onílé, tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e, àwọn olè sì ń da fíìmù kọ. Ọ̀run Móoru tí a dárúkọ lókè wà lára àwọn tí irú olè bẹ́ẹ̀ pa lára jù. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì ti ń dín ni àtúnṣe ń dín: àga tó ṣẹ́ kò rí gbẹ́nàgbẹ́nà, gílóòbù tó gbó kò rí àpààrọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò rí omi. Àwọn ẹbí kò mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀ mọ́. Ilé tí ẹbí kò lọ mọ́ kò lè pẹ́. Láti Dakar dé Lomé, ọ̀pọ̀ ilé sinimá di ilé ìtajà, di ilé ìjọsìn tàbí ibi ìkẹ́rùsí. Ohun tó ń yé wa nínú èyí ni pé ìjókòó, ìmọ́tótó àti àwòrán kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kún sinimá. Níbi tí wọ́n bá ti wó ni sinimá ti ń wó.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ Vivendi kọ́ ilé sinimá CanalOlympia sí Wologuèdè ní Kútọnu àti sí Godopé ní Lomé, ìjókòó 300 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àgbá fíìmù níbẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń rán àwòrán sínú ẹ̀rọ. Kétu àti Ṣábẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kò sì mọ fíìmù ju èyí tí wọ́n ń wò lórí tẹlifóònù, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, orí wọn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín tí ènìyàn ọgọ́rùn-ún rín papọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹnì kan rín nínú yàrá rẹ̀. Agbo ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ń bá ìlú wí. Ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹ́ agbo.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ wa tàbí ilé-ìwé kan bá fẹ́ fi fíìmù hàn nínú àgbàlá, ìtàn ti kọ́ wa ní ohun tí ó yẹ. Kí a ta aṣọ náà sókè tó bẹ́ẹ̀ tí orí ẹni iwájú kò ní dí ẹni ẹ̀yìn. Kí a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín aṣọ àti ìlà àkọ́kọ́, kí àwọn ọmọdé jókòó síbẹ̀ lórí ẹní tó mọ́, kí àwọn àgbà wà láàárín, kí owó má sì pín ẹnikẹ́ni. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí wa, kí èéfín àti ariwo rẹ̀ má baà bá ìran jẹ́. Kí ọ̀nà àbájáde ṣí sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí a gbálẹ̀ ṣáájú, kí a tún gbá a lẹ́yìn, kí omi wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí fíìmù èdè wa sì wà nínú ohun tí a ó wò.

Iṣẹ́ kan tún kù tó ju èyí lọ, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni a sì ń gbé e lé lọ́wọ́. Àwọn tó darí ẹ̀rọ, tó já tíkẹ́ẹ̀tì, tó ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú nígbà tí òjò ń pa wọ́n, ti dàgbà báyìí. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ìwé Faransé, kò sì sí nínú ti Yorùbá. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ béèrè orúkọ ilé sinimá tó wà ní àdúgbò yín, ibi tó wà, iye tí wọ́n ń san, ẹni tó ń jókòó síbo, fíìmù tí wọn kò lè gbàgbé àti ọdún tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè méjèèjì, kí ẹ sì fi ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ sí i. Ìwé ìròyìn yìí ní àyè fún un.